Kí ni géèmù kọ́ yín nípa ohun tó yẹ kó ṣíwájú láyé?

Ọ̀táAyò:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó wà níbí á ní nǹkan sọ sí i. Nínú gbogbo géèmù tí ẹ ti gbá, látorí ti fóònù títí dórí PlayStation, èwo ló là yín lójú nípa ohun tó yẹ kí èèyàn fi ṣíwájú, àtohun tó lè dúró dọ̀la?

Tèmi ni Stardew Valley. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eric Barone ló dá ṣe é, títí kan àwòrán àti orin inú ẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́rin tó fi wà lórí ẹ̀ kó tó gbé e jáde ní 2016. Ẹ máa bọ́ sípò òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sú, tí bàbá àgbà ẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún. Aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ máa ń jí. Agbára yín á kún, 270. Ẹ bomi rin ebè kan, 2 ti lọ. Ẹ gégi, ó dín. Ẹ fọ́ òkúta, ó dín. Tí aago méjì òru bá lù tí ẹ ò tíì dé orí ibùsùn, ibi tí ẹ bá wà lẹ máa dákú sí. Gbogbo ọjọ́ yẹn, láti àárọ̀ dòru, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 lọ lójú ayé.

Iṣẹ́ oko yẹn kì í tán. Ẹ máa bomi rin oko tán, igi ṣì wà nílẹ̀. Pierre tó ń ta irúgbìn á ti ìlẹ̀kùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kì í sì í tajà lọ́jọ́rú. Ẹja kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ òjò nìkan ló ń jáde. Ará abúlé kan ń ṣọjọ́ ìbí lónìí, ó ń retí ẹ̀bùn. Ẹ ò lè ṣe gbogbo ẹ̀. Mo wá rí i pé ẹni tó mọ géèmù yẹn gbá ni ẹni tó ti mọ èyí tó máa fi sílẹ̀ kó tó jáde nílé láàárọ̀, tọ́kàn ẹ̀ sì balẹ̀ lórí ẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù lèyí: ní ọjọ́ kìíní ọdún kẹta, ẹ̀mí bàbá àgbà náà máa padà wá wo ohun tí ẹ fi ogún òun ṣe. Máàkì 21 ló wà nílẹ̀. Owó, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè fún yín ju 7 lọ. Ẹ sì nílò 12 kí àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tàn. Àwọn tó kù, inú ọ̀rẹ́ tí ẹ ní lábúlé, ìgbéyàwó, ajá tàbí ológbò tó fẹ́ràn yín, iṣẹ́ tó ti mọ́ yín lọ́wọ́ àti gbọ̀ngàn ìlú tí ẹ tún ṣe ló ti ń wá. Tó bá jẹ́ owó nìkan lẹ ní lọ́wọ́, àbẹ́là méjì ló máa tàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

ỌmọÈkìtìNíManchester:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ àbẹ́là yẹn dé ibi tó yẹ kó dé.

Age of Empires II ni tèmi, èyí tó jáde ní 1999. Orí kọ̀ǹpútà bùọ̀dá mi la ti ń gbá a. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ẹlẹ́ṣin kan tó ń wo ọ̀nà kiri, àti gbọ̀ngàn ìlú kan ni wọ́n máa fún yín. Oúnjẹ 50 lẹ fi ń gba òṣìṣẹ́ kan sí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọmọ ogun ló máa fẹ́ kó jọ kíákíá, torí ọmọ ogun ló ń wuni. Ẹni tó ti gbọ́n á jókòó ti òṣìṣẹ́. Àwọn kan á máa pa àgùntàn, àwọn kan á máa já èso igbó, àwọn kan á máa gégi, gbọ̀ngàn ìlú ò sì ní sinmi. Tí ẹ bá ń wòran, ẹ máa rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ 500 ni wọ́n fi ń wọ sànmánì kejì, 800 pẹ̀lú wúrà 200 fún ìkẹta, 1000 pẹ̀lú wúrà 800 fún ìkẹrin. Ibo ló ti máa wá tí òṣìṣẹ́ ò bá sí?

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe lóru. Àwọn tá a jọ dé ti ń ra mọ́tò, àwọn ará ilé náà ń pè, wọ́n ń bi mí pé tèmi dà. Mo sọ fún Mọ́mì pé owó mọ́tò ti bọ́ sínú owó ìdánwò, pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ni òṣìṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbà. Títí dòní ló ṣì ń kó oúnjẹ wálé fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń purọ́ fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ wo GTA San Andreas. Lẹ́tà àwọn míṣọ̀n, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yín, á wà lórí máàpù, kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ lè máa gun kẹ̀kẹ́ kiri Los Santos láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ mú CJ, ẹni tí ẹ ń darí nínú ẹ̀, lọ sí jíìmù kí apá ẹ̀ le, kí ẹ tún mú un lọ jẹ bọ́gà títí á fi sanra, Big Smoke tó ní iṣẹ́ fún yín á ṣì dúró síbi tí ẹ fi í sí. Ti Skyrim tún wá burú. Wọ́n ní dírágónì kan fẹ́ jẹ ayé run, ẹ sì lè lọ máa já òdòdó nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún inú géèmù, ayé ò ní parẹ́, torí ẹ̀yin ni dírágónì yẹn ń dúró dè.

Fọ́ọ̀mù JAMB kì í dúró bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti tì í, wọ́n ti tì í nìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá bàbá mi jà kì í dúró de ìgbà tí mo bá ráyè wálé láti Ifẹ̀. Mo fẹ́ràn géèmù, mo sì ń gbá a, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́ tó bá ní kò sí ìkánjú.

Ọ̀táAyò:
Àbúrò, òótọ́ lo sọ. Ọ̀kan wà tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ṣá: Majora's Mask, tí Nintendo ṣe ní 2000. Òṣùpá máa já lu ìlú láàárín wákàtí 72 inú géèmù. Gbogbo ará ìlú ló ní ibi tí wọ́n ń lọ àti àsìkò tí wọ́n ń lọ ọ́. Tí o bá wà lọ́dọ̀ ọ̀kan tó nílò ìrànwọ́, òmíràn ń sunkún níbòmíràn láìsí ẹ níbẹ̀. Kìkì pé wọ́n fún ẹ ní fèrè tó ń dá àkókò padà, èyí tá ò ní.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yín, ó dùn ún kà. Àmọ́ apá kan lẹ ń sọ. Mo ní ìbejì ọkùnrin tí wọ́n ti ń di ọ̀dọ́, mo fẹ́ sọ apá kejì.

Ọ̀pọ̀ géèmù yìí, wọ́n dìídì ṣe é kó lè gba ipò iwájú lọ́wọ́ gbogbo nǹkan ni. Candy Crush tí èmi fúnra mi ń gbá, ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fúnni. Tó bá tán, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fi ń dá ọ̀kan ṣoṣo padà, kí èèyàn má bàa gbé fóònù sílẹ̀ tọkàntọkàn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn ojoojúmọ́: tí ẹ ò bá wọlé lónìí, ti àná bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2019 kí wọ́n ka àìlè-jáwọ́ nínú géèmù mọ́ àrùn, ìwé àrùn tí wọ́n kọ ọ́ sí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: ẹni náà ò lè kó ara ẹ̀ níjàánu mọ́, géèmù ń ṣíwájú àwọn nǹkan mìíràn tó ń ṣe láyé, kò sì jáwọ́ bó tilẹ̀ ń pa á lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Oṣù méjìlá ni wọ́n sábà máa ń wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀táAyò gbé wá gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ.

Ẹ wá sílé mi ní aago méje alẹ́. Àmàlà ti wà nílẹ̀, ewédú ti wà lórí ẹ̀. Mo pe Táíwò. "Mọ́mì, mo ń bọ̀." Mo tún pè. "Mọ́mì, mi ò lè pọ́ọ̀sì ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni." Kẹ́hìndé náà á dá sí i pé òótọ́ ni, kì í ṣeé pọ́ọ̀sì. Àmàlà á gan. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀kọ́ wo nìyẹn ń kọ́ wọn?

ỌmọÈkìtìNíManchester:
Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà. Ní Ṣáínà, ìjọba ò fi í sílẹ̀ fún òbí. Láti 2021, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ò gbọ́dọ̀ gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan. Lójú tèmi, ó ti le jù, torí ọmọ tí wọ́n ń bá yan nǹkan títí tó fi pé 18 kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan án.

Ọ̀táAyò:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀bùn ojoojúmọ́, mo fọwọ́ méjèèjì sí i. Mi ò kí ń fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ sórí fóònù mi.

Ti àmàlà, ẹ jẹ́ kí n bá Táíwò bẹ̀ yín díẹ̀. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni pé kò ṣeé dá dúró, torí ẹlòmíràn wà lódì kejì. Tó bá jáde, wọ́n á ka ìjákulẹ̀ sí i lọ́rùn. Àmọ́ ìdíje kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́. Dípò kí ẹ ní "pa á báyìí," ẹ bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù, kó dáhùn, kí ẹ sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Tó bá ní mẹ́fà, tí mẹ́fà sì pé, kò gbọ́dọ̀ tẹ òmíràn. Òun fúnra ẹ̀ ló dá àsìkò náà, òun náà ló máa mú un ṣẹ.

Ìyá Ìbejì:
Mo gbọ́. Màá dán an wò.

ỌgáGéèmùMókọ́lá:
Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mókọ́lá n'Íbàdàn rí, nígbà ayé PlayStation 2 (PS2). Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, fáànù kan, bẹ́ǹṣì gígùn kan. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíràn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ní mẹ́mọ́rì káàdì tiwọn, 8MB, tí wọ́n ń gbé sínú àpò ṣòkòtò wá. Inú ẹ̀ ni Master League wọn wà, ìyẹn apá kan nínú géèmù bọ́ọ̀lù Pro Evolution tí wọ́n ti ń tọ́ ẹgbẹ́ kan dàgbà láti sáà dé sáà. PS2 fúnra ẹ̀ kì í tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síkùn. Tí NEPA bá mú iná lọ kí o tó séèfù sórí káàdì, ohun tó o ti gbá láti òwúrọ̀ ti wọmi.

Mo máa ń jókòó sídìí owó, màá máa wò wọ́n. Ẹnìkan á gba ife, á fò dìde, á máa jó, á máa fi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, iná á lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo. Ọmọ kékeré kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fèrè ìparí ò tíì dákẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ ti wà níbi séèfù. Ojú ẹ̀ ò ní kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n títí wọ́n á fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti wọlé. Ìgbà yẹn ló tó máa rẹ́rìn-ín, tó tó máa bọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ yẹn ni mo ti kọ́ bí mo ṣe ń ná owó. Ọjọ́ tí owó bá wọlé, kí n tó ra epo jẹnẹrétọ̀, kí n tó pààrọ̀ páàdì tó ti bàjẹ́, owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi ti kúrò níbẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn. Mi ò kí ń kà á mọ́ ohun tí mo ní lọ́wọ́ mọ́. Ìyókù ni mo fi ń ṣe òwò, bó bá kéré kó kéré.

Nǹkan kan tún wà. Ultimate Team, ti inú géèmù bọ́ọ̀lù EA FC (FIFA tẹ́lẹ̀), làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbá, wọ́n ń fi owó gidi ra páàkì àwọn agbábọ́ọ̀lù. Tí ti ọdún tuntun bá jáde, ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ kì í bá wọn dé ibẹ̀. Òfo ni wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn nìkan ló ń bá wọn lọ, àtàwọn tí wọ́n jọ ń gbá a. Ṣọ́ọ̀bù mi ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Àmọ́ nígbà tí mo sin ìyá mi, àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn wá, wọ́n ti dàgbà, àwọn kan ti láya. Àwọn ni wọ́n gbé àga, àwọn ni wọ́n pín omi.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ẹ kú àṣeyẹ ìyá, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dáa.

ArẹwàÌjẹ̀bú:
Skyrim tí àbúrò mi láti Ifẹ̀ ń bá wí yẹn, èmi ní ohun rere tí mo rí níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù 300 lẹ lè gbé níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ṣeé mú: àwo, wàrà, ìwé, idà àwọn ọlọ́ṣà tí ẹ ṣẹ́gun. Kò sí ọ̀kan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú èyí, ẹ mú tọ̀hún. Ó kàn di lójijì tí ẹsẹ̀ ò lè sáré mọ́. Orí òkè lẹ wà, yìnyín ń bọ́, ìlú ṣì jìnnà, ìkookò ń bọ̀, ẹ̀yin sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa ti ṣí àpò, tí ẹ máa máa ju nǹkan nù sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Mo jókòó ti fóònù mi lọ́jọ́ kan, mo wo gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà: ti ilé ìwé, ti àdúgbò, ti àjọ, ti aṣọ ẹbí ìnáwó tó ti kọjá pàápàá. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Mo jáde nínú ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìgbéyàwó, mo sọ fún un pé mi ò ní ra aṣọ ẹbí, àmọ́ màá ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú, màá bá a dáná. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó wá ní, "Wá bá mi dáná jọ̀ọ́." A jọ bó àlùbọ́sà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ni.

Ẹ tún bá mi sọ̀rọ̀ lórí oògùn inú géèmù, èyí tó ń dá ẹ̀mí padà fúnni lójú ìjà. Kí ló dé tí gbogbo wa máa ń tọ́jú oògùn tó lágbára jù de ọ̀tá ńlá tó kẹ́yìn, tí géèmù á tán tí oògùn á ṣì kún àpò?

ỌmọÌlọrin:
Ìyá àgbà mi ní àwo tánganran nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àlejò pàtàkì ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ dè. Àwa ọmọ wọn ò jẹun nínú ẹ̀ rí títí wọ́n fi papò dà. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú oògùn yẹn. Èmi ti ń lò ó ní ìjà àkọ́kọ́ tó bá le.

Ẹ má gbàgbé The Sims o. Iná ńlá tó jó Oakland ní California ní 1991 jó ilé Will Wright tó ṣe é. Nígbà tó ń tún nǹkan rà lọ́kọ̀ọ̀kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí èèyàn nílò gan-an nínú ilé, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí géèmù yẹn ti wá. 2000 ló jáde. Ohun mẹ́jọ ni wọ́n fi ìlà hàn lára ẹni inú ẹ̀: ebi, ìtura, ìmọ́tótó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, agbára, fàájì, ọ̀rẹ́, àti bí yàrá ṣe rí. Ẹ lè ra tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù fún un, kí fàájì ẹ̀ kún, tí ẹnikẹ́ni ò bá wá kí i, ìlà ọ̀rẹ́ á pọ́n, inú ẹ̀ á bà jẹ́ débi pé kò ní fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ibi tó ti nira fún mi gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ìlà yẹn ò sí lókè orí ẹnikẹ́ni láyé. Mọ́mì mi á ní "kò sí nǹkan," ìlà wọn sì ti pọ́n látọjọ́ pípẹ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀?

ỌmọÈkìtìNíManchester:
Tí n bá pe tèmi, mi ò kí ń bi wọ́n pé "ṣé dáadáa ni," torí "a dúpẹ́" ni wọ́n máa fi dáhùn, bí orí tilẹ̀ ń fọ́ wọn. Mo máa ń béèrè pé "kí lẹ jẹ lónìí?" àti pé "ta ló wá kí yín?" Tó bá jẹ́ búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n jẹ láàárọ̀, tó tún jẹ́ òun náà ni wọ́n jẹ lálẹ́, mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Mo máa ń pe àǹtí tó wà ládùúgbò kí wọ́n yà síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun. Màá pè wọ́n lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀táAyò, mo ti dán ọ̀rọ̀ yẹn wò. Mo bi Táíwò pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù, ó ní mẹ́rin. Mo fi ideri bo àmàlà. Kò tíì tó mẹ́rin tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Mi ò tíì lè sọ bóyá á máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ a jẹun pọ̀.

Géèmù oko tí ẹ sọ yẹn, ṣé ó wà lórí fóònù? Ṣé ó ń jẹ dátà? Ṣé àwọn méjèèjì sì lè jọ gbá a?

Ọ̀táAyò:
Mo bá yín yọ̀, mà. Ó wà lórí Android àti iPhone. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó ẹ̀, kò sí ìpolówó níbẹ̀, kò sí ẹ̀bùn ojoojúmọ́, kò sì nílò dátà tó bá ti wọlé tán. Lórí fóònù, kálukú ló sábà máa ń dá oko tiẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ní PlayStation nílé, wọ́n lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì kí wọ́n jọ dá oko kan náà. Ẹni tó bá ń dá gbá a lè pọ́ọ̀sì ẹ̀. Ẹ sáà rántí pé lórí PlayStation, ìgbà tí wọ́n bá sùn nínú géèmù ló ń séèfù. Tí oúnjẹ bá ti ń jinná, ẹ tètè ké sí wọn, kí wọ́n lè dé orí ibùsùn.